Iṣan Kì Í Ti Nǹkan

Kí n tó sọ bí dùùrù ṣe há sórí àtẹ̀gùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé yín pé èmi kọ́ ni mo fà á. Àwọn ọkùnrin méjì ló fà á, ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú dókítà kan tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ jù.

Iṣẹ́ wa ni kí a máa bá àwọn tó ń kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn kó ẹrù. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn méjèèjì ló ń gbé. Ọkọ mi ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, apá rẹ̀ sì gùn débi pé ó lè họ orúnkún rẹ̀ láì bẹ̀rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kúrú, ó ki, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè tọ́ka sí pé ọrùn nìyí láàárín orí rẹ̀ àti èjìká rẹ̀. Akúrúyejó ni mò ń pè é láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, bí mo bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, ijó ló ń jó, kódà bí àga bá wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbé nǹkan gòkè, ọkọ mi á di òkè mú, Akúrúyejó á di ìsàlẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí n tó dé, n kò sì rí i kí wọ́n pààrọ̀ rí.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí ọkọ mi kò mọ̀. Akúrúyejó ti gba iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ẹ̀rọ ló ń gbé ẹrù níbẹ̀, bọ́tìnnì lásán ni yóò máa tẹ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, má sọ fún Bùrọ̀dá o. Tí a bá ti gbé dùùrù tíṣà orin yẹn tán, èmi fúnra mi á sọ fún wọn." Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ inú mi bàjẹ́ débi pé mo kọjá ilé wa lọ lọ́jọ́ náà kí n tó rántí pé ilé ni mò ń lọ. Bí Akúrúyejó bá lọ, ọkọ mi á dà bí ẹni tí wọ́n gé lápá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo mọ ẹni tí ọkọ mi máa ní kó wá di ìsàlẹ̀ mú. Èmi ni.

Ìgbọ̀nwọ́ ọkọ mi tó ń dùn ún ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà. Iṣan àti oríkèé ni dókítà yìí ń tọ́jú, yàrá rẹ̀ sì wà ní àjà kìíní nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Òun náà ló júwe wa fún tíṣà orin tó fẹ́ kó wá sí àjà òkè pátápátá nínú ilé kan náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wọlé tọ̀ ọ́, torí pé ọkọ mi ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, kò sì fẹ́ kí wọ́n gún un láìsí ẹlẹ́rìí.

Dókítà kò mú abẹ́rẹ́ jáde. Ẹ̀kọ́ ló mú jáde. Egungun oníke kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi irin gbé dúró, ó sì ti fi rọ́bà pupa so iwájú apá rẹ̀, ó fi rọ́bà búlúù so ẹ̀yìn.

"Ẹ wò ó," ó ní, "iṣan kì í ti nǹkan. Fífà nìkan ló mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ká apá kò, iṣan iwájú yìí á sún kì, á fa egungun wá sókè. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ nà án padà, iṣan iwájú ò lè tì í. Ti ẹ̀yìn ló máa wá fà á."

"Dókítà, títì ni mo máa ń ti kọ́bọ́ọ̀dù," ọkọ mi ní.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń tì í. Iṣan yín ò tì í. Ti ẹ̀yìn apá ń fà kí apá yín lè nà, apá tó nà yẹn ló wá ti kọ́bọ́ọ̀dù."

Ọkọ mi wo apá rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rẹ́ àtọjọ́pẹ́ dalẹ̀ rẹ̀.

"Tí ọ̀kan bá ń fà, kí ni èkejì wá ń ṣe?" Akúrúyejó ló bèèrè.

"Á dẹ̀. Á sinmi. Táwọn méjèèjì bá jọ fà á lẹ́ẹ̀kan náà, apá ò ní lọ síbì kankan."

Ó ní iṣan ni ọkàn náà, pé kì í dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ṣáá ló ń ṣe tọ̀sán-tòru, ẹnikẹ́ni kì í sì í rántí kí i. Mo ní, "Dókítà, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ̀ mí." Ó ṣì fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ó ku ibì kan tó ṣe pàtàkì nípa iṣan méjèèjì yẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti dìde, ojú rẹ̀ ń dán, mo sì mọ ojú yẹn. Ojú yẹn náà ló wà níbẹ̀ nígbà tó ní a lè gbé fìríìjì gba ojú fèrèsé.

Inú ọkọ̀ ló ti bú jáde. "Ìdí tí iṣẹ́ wa fi ń pa wá nìyẹn! Àwa méjèèjì la jọ ń fà! Iṣan gan-an ò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, tí mo bá pe 'Iwájú', èmi á fà, ìwọ á dẹ̀. Tí mo bá pe 'Ẹ̀yìn', ìwọ á gbé e, èmi á dẹ̀. Ara á tù wá."

"Bùrọ̀dá, ọgbọ́n rèé o!" Akúrúyejó ní. Kí ni ì bá tún sọ? Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìsinmi láàárín iṣẹ́, ṣé á ní òun kọ̀ ọ́ ni?

Mo ní, "Ẹ gbọ́ o, apá ni dókítà sọ. Kò sọ èèyàn."

Ọkọ mi ní, "Máa wa ọkọ̀ ẹ."

Mo ń wa ọkọ̀ mi lọ. Nígbà tí a délé, ibùsùn èmi àti ọkọ mi ni wọ́n fi dánrawò. Ọkọ mi pe "Iwájú!" Akúrúyejó dẹ̀. Ó dẹ̀ débi pé ó jókòó sílẹ̀, ó tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbalaja. Ibùsùn já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì bọ́ sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọkọ mi. Ijó tí ọkọ mi jó lọ́jọ́ náà, Akúrúyejó kò jó irú rẹ̀ rí. Àwọn àgbà ní ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọni lọ́lẹ, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì fẹnu kò pé ibùsùn ló jẹ̀bi, pé kò dúró déédéé. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbẹ́ tí mò ń sùn sí ti ga ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, orí ọkọ mi ni mo máa ń bá ara mi.

Báyìí la ṣe dé ìdí dùùrù. Dùùrù náà tóbi, ó dúdú, ó ń dán. A fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, a fi okùn dì í, ọkọ mi gbé okùn kọ́ èjìká, Akúrúyejó fi àyà ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èmi dúró lẹ́yìn wọn, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa pariwo. Lókè, tíṣà orin dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, obìnrin kékeré kan tó wọ gíláàsì, tó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra.

Láti ìsàlẹ̀ dé àjà kìíní, wọn kò rántí òfin wọn. Wọ́n gbé e bí wọ́n ṣe máa ń gbé nǹkan, ó sì gòkè. A kọjá ẹnu ọ̀nà dókítà. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti rántí.

"Ó yá! Iwájú!"

Ó fà. Akúrúyejó dẹ̀. Dùùrù gun àtẹ̀gùn kan, ó sì padà sórí èyí tó ti wà, gbogbo okùn inú rẹ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: gbààààn!

"Yéè!" tíṣà orin ké lókè. Lẹ́yìn náà ló ní, "Hìkù!"

Òsúkè ti gbé e. Ẹ̀rù ló dá a sílẹ̀.

"Ẹ má ṣèyọnu mà," ọkọ mi ní. "Ẹ̀yìn!"

Ó kan Akúrúyejó láti gbé e, ó sì kan ọkọ mi láti dẹ̀. Akúrúyejó fi àyà tì í, ó fi orí tì í, ó mí bí akọ màlúù. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Mo rí dùùrù tó rọra fì sẹ́yìn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálẹ̀ sí Akúrúyejó. Ọkọ mi náà rí i. Kò dẹ̀ mọ́. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ irin etí àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó di okùn mú pẹ̀lú gbogbo ara. Akúrúyejó náà kò jẹ́ kó bọ̀. Dùùrù dúró gbọn-in láàárín àwọn méjèèjì, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀.

Ariwo ti gbé dókítà jáde. Ó wo òkè, ó sì fi ọwọ́ lu itan.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Kí ẹnì kankan má dẹ̀ o! Ibi tó kù tí ẹ ò jẹ́ kí n sọ nìyẹn! Tí ẹ bá gbé agolo omi dání, tí ẹ ò fẹ́ kó gbọ̀n, iṣan iwájú àti ti ẹ̀yìn á jọ fà pọ̀ ni. Òun ló ń jẹ́ kí apá le!"

"Dókítà, ṣé ìsinsìnyí lẹ wá ń sọ ọ́?" Ohùn ọkọ mi tín-ín-rín.

"Ẹ̀yin lẹ dìde!"

"Hìkù!" tíṣà orin ní.

Mo rí èjìká Akúrúyejó tó gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀rín ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ọkọ mi bẹ tíṣà orin, "ṣé ẹ lè dá a dúró?"

"Kì í ṣe ẹ̀bi wọn," dókítà ní, kò sì sẹ́ni tó bi í. "Iṣan kan wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, òun ló máa ń fà láì gbàṣẹ, tó bá ti..."

"Hìkù!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkọ mi. Dùùrù sì yọ̀ díẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín!" dókítà kígbe. "Ẹ̀rín máa ń jẹ́ kí iṣan dẹ̀! Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín ò lè di nǹkan mú!"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tí wọ́n bá ní kó má rẹ́rìn-ín, kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe? Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, dùùrù ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà sáré wọlé lọ wá ohun tí a lè fi há a. Bó ṣe ń lọ, ó nawọ́ sí mi: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín o! Ẹ sọ nǹkan tó máa bí wọn nínú!"

Ká ní ìbínú ni wọ́n ń tà lọ́jà, ọ̀dọ̀ mi ni wọn ì bá ti máa wá rà á. Mo ṣí ẹnu.

"Òpònú méjì! Ẹ̀yin Bàbá Gíga, àkàbà tí wọ́n wọ ṣòkòtò fún!"

Ẹ̀rín Akúrúyejó le sí i.

"Ẹ̀yin náà, Akúrúyejó, ìkòkò tó hu ẹsẹ̀!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wá rántí pé láti ìgbà tí mo ti dé ilé wọn ni mo ti ń bú wọn, adùn ni wọ́n sì ń fi gbọ́ ọ. Dùùrù tún yọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kan orúnkún Akúrúyejó. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Mo rí i pé ó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín nínú ìdílé wa, mo sì sọ ọ́.

"Akúrúyejó ń fi wá sílẹ̀! Ó ti gba iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí!"

Ẹ̀rín dá wáí. Dùùrù dúró.

"Hìkù," tíṣà orin ní, jẹ́jẹ́.

"Ṣé òótọ́ ni?" ọkọ mi bèèrè lórí dùùrù.

Ìdáhùn ti ìsàlẹ̀ wá. "Òótọ́ ni, Bùrọ̀dá."

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ló sú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá yín ṣiṣẹ́, ìsàlẹ̀ ni mo wà. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ni mò ń rí. Àyà mi ni gbogbo ẹrù ń rọ́ wá bá. Ẹ̀yin á wà lókè níbẹ̀ bí ọba, ẹ á máa pàṣẹ."

"Ọba?" ọkọ mi ní. "Ẹ̀yìn ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn! Mi ò rí ibi tí mò ń lọ rí. Mo rò pé ìwọ lo wà níbi tó dáa, ìwọ tó kọjú síwájú!"

Mo fẹ́ sọ pé ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn, àmọ́ mo gbé e mì. Mo ti sọ̀rọ̀ tó.

"Kí wá ló dé tí ẹ ò jẹ́ ká pààrọ̀ rí?" Akúrúyejó bèèrè.

"Torí ẹni tó bá ń fẹ̀yìn rìn, tó bá ṣubú, orí ló fi ń balẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ."

Òógùn ń ṣàn lára Akúrúyejó, ó sì dà bíi pé òógùn nìkan kọ́ ló ń ti ojú rẹ̀ wálẹ̀. Omijé bọ́ lójú tèmi náà, mo sì bínú sí i, torí n kò ráyè nù ún.

"O ò sọ fún mi," ọkọ mi ní.

"Ẹ ò bi mí."

"Ó dáa. Mo bi ọ́ báyìí. Ṣé ó rẹ̀ ọ́?"

"Bùrọ̀dá, ó rẹ̀ mí gan-an ni."

"Ó rẹ èmi náà. Àmọ́ mi ò ní dẹ̀."

"Èmi náà ò ní dẹ̀."

Ibẹ̀ ni dókítà ti sáré dé pẹ̀lú àpótí onígi kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi há abẹ́ dùùrù pinpin. Ó ní kí wọ́n tú u díẹ̀díẹ̀. Dùùrù jókòó lórí àpótí. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà.

Nígbà tó yá, ọkọ mi dìde. "Kó o máa bọ̀ lókè," ó ní. "Èmi ló kàn nísàlẹ̀."

Àtẹ̀gùn náà há, kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà pààrọ̀ ju orí dùùrù lọ. Bí Akúrúyejó ṣe ń rá kòrò kọjá, bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹ̀, ìdérí ṣí, orúnkún rẹ̀ àti ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu dùùrù. Ẹsẹ̀ gígùn ọkọ mi gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó fi tirẹ̀ kún un. Tíṣà orin tẹ́tí.

"Èyí dáa ju tàwọn tí mò ń kọ́ lọ," ó ní. Ìgbà tó sọ ọ́ tán la tó rí i pé òsúkè ti lọ.

Wọ́n pa òfin Iwájú àti Ẹ̀yìn tì. Èmi ni mò ń pe "Ó yá!", àwọn méjèèjì ń jọ gbé e, dókítà ń gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, tó bá ti rẹ̀ wọ́n, á fi há a. Lókè, mò ń gbọ́ Akúrúyejó: "Bùrọ̀dá, mi ò rí nǹkan kan níbí o! Ibo ni ògiri wà?" Ní ìsàlẹ̀, mò ń gbọ́ ọkọ mi: "Ṣé bó ṣe máa ń wúwo rèé? Ṣé bó ṣe ń wúwo lójoojúmọ́ rèé?" Akúrúyejó fi ìdí ṣí ilẹ̀kùn tíṣà orin, ó fi ìdí wọ yàrá, ó sì fi ìdí jókòó sórí òdòdó inú ìkòkò tó wà níbẹ̀. Dùùrù dé ibi tó ń lọ.

Gbogbo wa wólẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tíṣà orin. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé ìkẹ́rùsí, àmọ́ ọkọ mi ń wo àjà. Akúrúyejó fa fóònù yọ lápò. Ó gbé e lé itan, ó tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ gbé e sétí. Apá rẹ̀ dé agbedeméjì, ó gbọ̀n, ó padà wálẹ̀. Ó tún gbé e, ó tún padà wálẹ̀. Ọkùnrin tí Akúrúyejó ń pè ti gbé e lọ́hùn-ún, ó ń pariwo "Hẹlóò! Hẹlóò!" lórí itan rẹ̀.

"Iṣan yín ti lo gbogbo agbára tó ní tán ni," dókítà ní. "Ìsinmi nìkan ló lè dá a padà."

Ọkọ mi na ọwọ́ kan láti bá a gbé e, ọwọ́ náà kọ̀ jálẹ̀. Ó bá rá kòrò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ìgbọ̀nwọ́ àbúrò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Akúrúyejó ń fà, òun ń gbé e, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí fóònù kékeré kan, títí ó fi dé etí.

"Ẹ káàsán sà," Akúrúyejó ní. "Ẹ má bínú. Mi ò ní lè wá síbi iṣẹ́ yẹn mọ́."

Ọkùnrin náà pariwo débi pé gbogbo wa gbọ́ ọ. Ó ní kí ló dé, ṣebí iṣẹ́ tó rọrùn ni, ṣebí bọ́tìnnì lásán ni.

Akúrúyejó bojú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó kúnlẹ̀ síbẹ̀, tí apá rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n, tí kò sì tú u sílẹ̀.

"Mo mọ̀ sà," ó ní. "Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló wà nísàlẹ̀ báyìí."